Ìwé Tí Mo Kà ní Àgbàlá Àwọn Àna Mi

Bí èédú bá ń jó nínú irin ìlọṣọ, tí sítáàṣì pákí sì ń gbẹ lára aṣọ funfun nítòsí rẹ̀, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ kò jọ ti ohun mìíràn. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo, ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ibi iṣẹ́ mi wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá odò kékeré kan tí àpáta rẹ̀ tẹ́jú bí ẹni pé ó ti ń retí alágbàfọ̀ tipẹ́. Lókè orí mi ni ilé kọmandáà tó ń ṣàkóso ìlú àti ti àwọn Faransé yòókù wà, páànù òrùlé wọn a máa kọ mànà lójú oòrùn. Láàárọ̀, nígbà tí kùrukùru kò tíì ká kúrò lára òkè, a ó ti máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà kí a tó rí igbá orí wọn. Èmi a sì ti kó iná èédú sínú àwọn irin mi, mo ń dúró kí wọ́n gbóná.

Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Bàbá mi kú nígbà tí mo kéré, ìyá mi kò sì ní ẹlòmíràn tí yóò bá a ro oko. Nígbà tí mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé àwọn fadá, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, orúnkún mi kò sì gba abẹ́ tábìlì. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Faransé tí mo bá jáde tó kà, kò tó sọ. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní èdè kankan, nítorí náà kò dùn mí.

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dé ọwọ́ mi nínú agbọ̀n àkísà. Màdáàmù kan tí ọkọ rẹ̀ ń bójú tó ọ̀nà ojú irin ń padà sí ìlú wọn, ó sì kó àwọn aṣọ àlòkù fún mi pé kí n máa fi nu irin. Ìwé náà wà nísàlẹ̀ agbọ̀n. Kò ní èèpo mọ́, ojú ewé tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà ti ya lọ, ṣùgbọ́n ìyókù pé títí dé òpin. Ó nípọn bí ìṣù búrẹ́dì. Mo ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n lè fi dúró de èédú, mo sì jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá kan ní ọjọ́ náà gan-an.

Ilé ńlá kan lẹ́bàá odò, ní ìlú òtútù, ni ìtàn náà dá lé. Baálé ilé náà bọ́ sódò ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó yọ̀ ni tàbí wọ́n tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀ ni gbogbo ìlú nawọ́ sí. Wọ́n lé e lọ. Ọdún gorí ọdún, ẹni tí wọ́n lé lọ bí ọmọkùnrin, ìyàwó ọjọ́ ìjọ́sí bí ọmọbìnrin, àwọn ọmọ méjèèjì sì pàdé láìmọ ohun tó wà láàárín ilé wọn. Ìfẹ́ wọlé. Nínú ògiri ilé ńlá náà, lẹ́tà kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló dè mí mọ́ ọn. Bí ìwé bá kàn sọ pé ọkùnrin rí obìnrin, ó sì fẹ́ ẹ, màá gbé e sílẹ̀, màá lọ lọṣọ mi. Ṣùgbọ́n nínú èyí, ohun tí bàbá àgbà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni ọmọ ọmọ ń sunkún lé lórí ní àárín rẹ̀, láìmọ ìdí ẹkún ara rẹ̀. Èmi tí mò ń kà á mọ̀. Ìgbà mìíràn wà tó ń ṣe mí bíi kí n pariwo sínú bébà, kí n sọ fún ọmọ náà pé kó wo ẹ̀yìn ògiri.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń ta èédú fún mi. Datcha, ìlú kékeré kan tó jìnnà sí wa díẹ̀, ni wọ́n ti ń bọ̀, òun àti àwọn obìnrin mìíràn, wọ́n á ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Èédú tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí irin mi lè jẹ lọ. Ìwọ tí ò ń ka èyí mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà n kò ní ṣe àlàyé. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé.

Ó ní, "Alágbàfọ̀, kí ni bébà sọ tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, nígbà tí èmi ti ń ta èédú fún ọ láti ọjọ́ yìí tí o kò rẹ́rìn-ín sí mi rí?"

Mo sọ díẹ̀ fún un nínú ìtàn náà ní Ifẹ̀, èdè àwa ará Atakpamé tó bá Yorùbá tan, pẹ̀lú ìtìjú. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè. Ní ìkẹta, ó jẹ́ iṣẹ́ fún mi láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni pé kí alágbàfọ̀ gbé ìwé rẹ̀ wá sí Datcha fúnra rẹ̀, nítorí pé ọmọ yìí ń já ìtàn náà kù láàárín, agbára àgbàlagbà kò sì gba irú ìyẹn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Tí a bá ti jáde nínú ìsìn Mísà àárọ̀, mo ti gùn ún lọ. Bí mo bá fi dé Datcha, eruku pupa ti sọ ṣẹ́ẹ̀tì mi di ti ẹlòmíràn. Inú àgbàlá ni wọ́n ń jókòó sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá àgbà ń ran òwú. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì mú ju ti àwa ọ̀dọ́ lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá ọlọ́jà èédú mi, a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa bó ẹ̀pà. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ wà lọ́wọ́, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, àwọn ará ibẹ̀ ni yóò sì fi í fún ọkọ. Òun kì í sọ̀rọ̀. A jọra ní ti ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ olórí ilé, òun ló ń sọ tirẹ̀ àti ti gbogbo wa.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gba ìwé náà, ó yí i sókè sódò. Ó ní, "Ṣé èyí tí ẹ fi ń nu irin nìyí?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Nínú èyí tí a fi ń nu irin ni ó wà."

Ẹ̀rín bú. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti na etí.

Mo ń kà á ní Faransé sínú, mo ń sọ ọ́ síta ní Ifẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí òtútù ti dì sórí odò, mo máa ń sọ pé omi náà le bí àpáta, wọ́n á sì wo ara wọn, wọ́n á gbà á nítorí ìtàn. Àwọn èèyàn inú ìwé náà ni wọn kò gbà fún mi kí n fò. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì ni Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lórí àtẹ kan. Ekùrọ́ ni baálé tó bọ́ sódò. Àwọn tí a bí tẹ̀ lé e jẹ́ ẹyọ àgbàdo. Ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa ni olólùfẹ́ méjèèjì. Bí èèyàn kan bá wọlé sínú ìtàn, ó máa dá mi dúró.

"Ọmọ ta ni?"

"Ìyá, ìwé kò tíì sọ."

"Kí ìwé yára sọ ọ́. Mi ò lè gbé èèyàn sílẹ̀ láìmọ ibi tí màá gbé e sí."

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á gbé ẹ̀pà tiwọn tàbí ẹ̀gúsí wá, kí ọwọ́ má bàa dilẹ̀. Wọ́n ń jiyàn lórí ikú baálé náà bí ẹni pé ní ìtòsí ibẹ̀ ló ti kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá ní ìyàwó baálé ló tì í. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí ní òun mọ ẹni tó tì í, ẹni tó ké jù níbi òkú ni. Nínú ọ̀sẹ̀, tí ọlọ́jà èédú bá wá sí Atakpamé, ó máa ń bẹ̀ mí kí n sọ èyí tó kù fún òun nìkan. N kò sọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tó lè mú kí ilé yẹn máa retí mi ni, n kò sì fẹ́ ná an tán.

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ní Datcha, kò sí ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé.

Èmi ti kà á dé òpin, mo sì mọ̀ pé ó dára. Mo wá rò ó pé ọjọ́ tí mo bá ka ibi tí àwọn olólùfẹ́ ti ṣe ìgbéyàwó, ọkàn gbogbo wọn yóò rọ̀, ẹnu mi náà yóò sì là. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo fi sítáàṣì sí i, mo dì í sínú aṣọ ìnura kí eruku má bàa bà á jẹ́, mo sì wọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìn igi kan kí n tó wọ Datcha.

Mo ka ti lẹ́tà inú ògiri. Ọwọ́ baálé tó kú ló kọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin òun, ọmọ òun gan-an ni, tí òun bí níkọ̀kọ̀. Ó tún hàn láti ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, ọmọ náà sì bẹ́ sódò láti fà á jáde. Nítorí náà ìjà tán láàárín ilé méjèèjì. Gbogbo wọn sunkún ayọ̀, wọ́n sì so àwọn ọmọ pọ̀. Mo pa ìwé dé, mo gbé ojú sókè, mo ń retí.

Ìyá àgbà ti gbé òwú sílẹ̀. Ó fi ìka ti ẹyọ àgbàdo kejì sábẹ́ ekùrọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó fa ẹ̀wà funfun wá sábẹ́ ọ̀kan, ó fa ẹ̀wà pupa wá sábẹ́ èkejì. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Ọmọ ọmọ ẹnì kan náà ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọ́n sì fẹ́ra."

"Wọ́n fẹ́ra."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka lẹ́tà."

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni, Ìyá. Inú wọn dùn."

Àgbàlá dàrú. Ẹlẹ́gùúsí da igbá nù. Ẹ̀gbọ́n ìyá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kan náà! Alágbàfọ̀, o kó èèwọ̀ wá sínú ilé wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́!" N kò lè sọ pé bí ìwé ti wí ni mo wí. Láti ìgbà tí mo ti ń kà á, n kò fi ojú ilé wa wò ó rí lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo mọ̀ dáadáa pé a kì í fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti rẹ́rìn-ín ayọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá àgbà ní, "Ìwé tó nípọn tó báyìí. Kò sí arúgbó kan nínú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n béèrè?"

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó kó àwọn èèyàn inú ìwé kúrò lórí àtẹ, ó gbé ẹ̀wà kan síwájú mi, ó gbé ẹyọ àgbàdo kan sókè rẹ̀, ó gbé ekùrọ́ sókè ìyẹn.

"Èyí ni ìwọ. Èyí ni bàbá rẹ. Èyí tó wà lókè ńkọ́?"

N kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé ìyá mi, ará òdìkejì odò Mónò ni, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún bàbá mi ni èyí tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ní Kamina, nígbà tí àwọn Jámánì tó ṣàkóso ṣáájú àwọn Faransé ń gbé irin gíga dúró níbẹ̀ láti fi ránṣẹ́ gba ojú ọ̀run. Tí mo bá béèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, yóò ní kí n lọ pọn omi wá. Ìyá mi náà ti kú nígbà náà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kò bínú. Ó kàn mú ekùrọ́ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Wá ẹni tó ni ekùrọ́ yìí kàn fún mi. Bí o kò bá rí i, má padà wá, bí o tilẹ̀ gbé ìwé méjì dání. A kì í fi ọmọ fún ẹni tí a kò rí ẹ̀yìn rẹ̀. O rí i bí ó ṣe ṣe àwọn òyìnbó yẹn."

Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó di kẹ̀kẹ́ mú fún mi títí mo fi gùn ún. Ó wá ní, "Wá a o. Mi ò lè máa ta èédú fún ọ títí ayé."

Ní àárín ọ̀sẹ̀ yẹn mo fi irin sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, mo rìn lọ sí Kamina. Wọ́n ti sọ fún mi pé bàbá kan wà níbẹ̀ tó bá bàbá mi ru irin, tí kò sì kúrò lẹ́yìn tí àwọn Jámánì fúnra wọn wó ohun tí wọ́n kọ́ nígbà ogun. Mo bá a láàárín àwọn òkúta sìmẹ́ńtì ńláńlá, tí igbó ti bò ní ìhà kan. Ó sá ata sórí ọ̀kan nínú wọn. Irú ibi ìsáta bẹ́ẹ̀ kò sí ní gbogbo ilẹ̀ Togo.

Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Má sọ fún mi. Bàbá rẹ ló ni ejìká yẹn. Bá mi yí ata yìí padà kí n tó dá ọ lóhùn."

Mo ń yí ata, mo ń sín, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn Jámánì kì í béèrè bàbá ẹni, ejìká ni wọ́n ń wò, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ fi ilé pamọ́ ń lọ. Bàbá mi kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Datcha. Ó sọ orúkọ alágbẹ̀dẹ náà fún mi, ó sì sọ orúkọ tí ìyẹn sọ ọmọ rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ata lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ bàbá mi.

Alágbẹ̀dẹ ti bá bàbá mi tọrọ ìyàwó nílé kan ní Datcha. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ebè iṣu fún bàbá ọmọ náà, ní ọdún dé ọdún, títí wọn yóò fi fi ìyàwó lé e lọ́wọ́. Bàbá mi kọ ọdún kìíní, ó kọ ìkejì. Ní ìkẹta, ó ti rí ìyá mi lójú ọ̀nà ọjà. Ó kọ ebè náà dé ìdajì, ó gún ọkọ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì lọ. Bàbá rẹ̀ ní kó má ṣe dárúkọ òun mọ́ láéláé. Kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Mo béèrè ilé tó jẹ́. Mo ti mọ̀ kó tó dáhùn. Ó ní ilé tó ní igi máńgòrò ńlá ni, pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ìyá ibẹ̀ bí, ọmọ náà sì jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Mo ní ọjọ́ mẹ́ta láti ronú kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, mo sì rò ó lórí gbogbo aṣọ tí mo lọ̀. Mo lè sọ orúkọ òkú mìíràn. Abúlé pọ̀, ta ni yóò lọ wádìí? Ọmọbìnrin náà yóò di tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ bí Ìyá àgbà ṣe ń ṣépè fún ẹni tó fi lẹ́tà pamọ́ sínú ògiri, ìyẹn sì jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Mo rí ara mi gẹ́gẹ́ bí ògiri náà. Bí mo bá pa á mọ́, ọmọ mi tàbí ọmọ ọmọ mi ni yóò wó mi kó tó rí i.

Wọ́n pé sí àgbàlá nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Ilẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi dárúkọ alágbẹ̀dẹ, mo sì dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá fò dìde. "Ọmọ ta? Ẹni tó gún ọkọ́ mọ́ ebè? Èmi ni wọ́n rán wá a! Ọjọ́ mélòó ni mo fi wọ igbó! A rò pé ẹkùn ló gbé e, a tiẹ̀ ti ń káàánú rẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Kamina ló wà."

"Kamina! Níbí yìí!"

Ìyá àgbà kò wo èmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wò. Gbogbo wa náà wá wò ó. Ọlọ́jà èédú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tí kò rántí gbé fún mi. Ìyá rẹ̀ ti gbé ẹ̀pà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi, bí ẹni tó ń wá ojú ẹlòmíràn nínú tèmi. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àtẹ mú.

Ó ní, "Ẹ bá mi rò ó. Ká ní ó kọ ebè náà tán, ká ní ó gbé mi lọ. Ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀, ilé kan náà ni wọn ìbá wà. Ta ni ìbá máa gun kẹ̀kẹ́ wá kàwé fún wa?" Ó nu ojú. "Ẹni tí mo fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì dára jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dìde nílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ funfun."

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà gba ekùrọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àtẹ, ó to ilé tiwọn sí ìhà kejì, ó wò wọ́n títí dé òkè. "Wọn kò pàdé níbì kankan," ni ó wí. Ó tún wò mí. "Ṣùgbọ́n oko ọkọ mi kò tíì parí."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kọ ebè nìyẹn, èmi tí ọwọ́ mi kò mọ̀ ju omi àti irin lọ. Nígbà tí àkókò iṣu dé, wọ́n mú mi lọ sí ibẹ̀. Oko náà ti di igbó, ó tún ti di oko lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà mọ ibi tí ìlà náà ti já. Kò tó wákàtí kan tí ọwọ́ mi fi léròrò. Ẹ̀gbọ́n ìyá jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò mí.

"Àna, ilẹ̀ kì í gba sítáàṣì o!"

Ọmọbìnrin náà gbé omi wá lọ́sàn-án. Ó gbé igbá fún mi, ó sì gbá ọkọ́ mú lọ́wọ́ mi títí mo fi mu omi tán. "Kí n di èyí mú fún ọ," ni ó wí. "Ìdílé yín, ẹ kò ṣeé fi ọkọ́ sílẹ̀ fún nínú oko." Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi kọ ọ́ tán. Ìyá rẹ̀ wá ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ebè ìkẹyìn kó lè dúró dáadáa, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ mi, mo fẹ́ ẹ. Ó lo ọdún púpọ̀ nílé mi, ó sì ti re ọ̀run báyìí. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà kò sì ní bi mí. Ìyá àgbà kò dárí ji ìwé náà títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Ní gbogbo ìgbà, ó máa ń dá mi dúró ṣáájú ìgbéyàwó.

Láti ìgbà náà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò kọjá lọ́wọ́ mi láìkà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó kàwé jù mí lọ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní nǹkan ìdárayá obìnrin ni, ìfẹ́ àti àṣírí, ilé ògbólógbòó àti lẹ́tà. N kì í bá wọn jiyàn. Ohun tí mo ń bá pàdé níbẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ìwé yẹn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ń fẹ́ ẹnì kan, ó rò pé òun ni ayé kọ́kọ́ dé bá, nígbà tí ẹlòmíràn ti sá ní ojú ọ̀nà yẹn rí, tó sì fi nǹkan sílẹ̀ láìṣe tán. Ìbẹ̀rù a mú mi fún un, nítorí kò mọ̀. Inú mi a sì dùn, nítorí yóò mọ̀.

Mo ti rò pé yóò wúwo fún mi, ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ na ọkọ́ sí ibi tí bàbá mi ti dáwọ́ dúró. Gbogbo Datcha ló ń wò mí. Mo gbé e sókè, mo gbá a wọlẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní àná rẹ̀. Ilẹ̀ náà rọ̀ ju bí mo ti rò lọ.